Wọ́n Pe Ẹjọ́ Kò-Tẹ́-Mi-Lọ́rùn, Wọ́n sì Fìdí Rẹmi

Ọdún 2017 ni mo pé ọmọ 60 ọdún, ọjọ́ yẹn náà sì ni iṣẹ́ ìjọba parí fún mi. Ọdún 33 ni mo fi ṣe é. Òfin iṣẹ́ ọba ní Nàìjíríà ò lọ́jú pọ̀ níbi ọ̀rọ̀ yìí: bó o bá pé 60 ọdún, tàbí tó o ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì, wàá palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́. Wọ́n ṣe àpèjẹ ìdágbére fún mi, wọ́n ta mí lọ́rẹ aago ògiri tí wọ́n lẹ fọ́tò mi mọ́, ọ̀gá wa sì sọ̀rọ̀ débi pé omi bọ́ lójú mi. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé láti ẹ̀ka ilé iṣẹ́ kan náà pé mo jẹ ìjọba ní gbèsè.

Iṣẹ́ atẹ̀wé ni mo ṣe. 1984 ni mo wọlé, nígbà tí tápuráítà ṣì ń ró pàkà-pàkà káàkiri ọ́fíìsì, tá a máa ń ki kábọ̀n sáàárín bébà kí ẹ̀dà tó lè pé mẹ́ta. Láti ibẹ̀ ni mo ti di akọ̀wé ọ̀gá. Ní 2008 wọ́n gbé mi láti lẹ́fẹ̀lì 10 sí 12. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ ọba rí lè máa wá 11. Kò sí 11 o, láti 10 ni wọ́n ti ń fò sí 12. Ní 2012 mo bọ́ sí 13, orí 13 yẹn ni mo sì ti ń gbowó oṣù títí mo fi lọ.

Ohun tí lẹ́tà náà sọ ni pé àwọn òdítọ̀ ti yẹ ìwé mi wò, wọ́n sì rí i pé ìgbéga 2008 yẹn ò bófin mu, nítorí kò sí àyè kankan lórí lẹ́fẹ̀lì 12 lásìkò yẹn. Wọn ó kà mí sí ẹni tó fẹ̀yìn tì lórí lẹ́fẹ̀lì 10. Gbogbo owó tí mo ti gbà ju ti lẹ́fẹ̀lì 10 lọ láti ọdún mẹ́sàn-án wá di gbèsè, wọn ó sì yọ ọ́ nínú gíràtúítì mi, ìyẹn owó tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹni tó fẹ̀yìn tì.

Kó lè yé yín: ìpínlẹ̀ wa ṣì wà lórí ètò ìfẹ̀yìntì àtijọ́ nígbà yẹn, kì í ṣe èyí tí òfin 2014 gbé kalẹ̀, tí òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, tí agbanisíṣẹ́ sì ń fi 10 kún un. Nínú ètò àtijọ́, owó tó o ń gbà kẹ́yìn ni wọ́n fi ń ṣírò ohun gbogbo. Ẹni tó bá ṣe é pé ọdún 35 ń gba gíràtúítì tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ a sì jẹ́ ìdá 80 nínú 100 owó tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀ torí mi ò lò tó ọdún 35, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ìṣirò ń gbà. Nítorí náà, tí wọ́n bá fà ọ́ wálẹ̀ láti 13 sí 10, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gé ọ: gíràtúítì rẹ kéré, owó oṣooṣù rẹ kéré títí ọjọ́ ikú, wọ́n á tún wá yọ "gbèsè" nínú èyí tó ṣẹ́ kù.

Ọjọ́ tí mo lọ sí ọ́fíìsì akápò, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ ti fọ́ọ̀mù kan sí mi. Ìlà ìsàlẹ̀ rẹ̀ kà pé mo gbà pé gbogbo ẹ̀tọ́ mi ti pé sí mi lọ́wọ́, mi ò sì ní ohun mìíràn láti béèrè. Ó ní, "Mà, ẹ ṣáà fọwọ́ sí i, gbogbo wọn ló ń fọwọ́ sí i." Àìmọye ìgbà ni mo ti tẹ irú ìlà yẹn fún àwọn ẹlòmíì, mi ò sì ronú kàn án rí pé ẹnì kan máa jókòó síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo yá báírò rẹ̀, mo fa ìlà gba orí gbólóhùn yẹn kọjá, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé "mo gba èyí tó wà nílẹ̀, mi ò fara mọ́ ìṣirò rẹ̀," mo kọ déètì, mo wá fọwọ́ sí i. Ó wò mí títí. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lẹ́yìn mi, ó lù ú ní òǹtẹ̀, ó sì fún mi ní ẹ̀dà tèmi. Mi ò mọ òfin kankan nígbà yẹn, inú ló bí mi. Ìgbà tó yá ni lọ́yà mi sọ pé òun ò bá má gba ẹjọ́ náà ká ní mo ti fọwọ́ sí i bó ṣe wà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ṣe àṣìṣe tó dùn mí jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Oṣù mọ́kànlá gbáko ni mo fi ń lọ, tí mo ń bọ̀. Mo mọ gbogbo wọn, wọ́n mọ̀ mí, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ojú mọ ojú ni. Ọ̀gá kan á ní, "Màdáámù, ẹ fọkàn balẹ̀, a ti ń wò ó." Òmíì á ní fáìlì mi wà lórí tábìlì akọ̀wé àgbà. Mo dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé àgbà, wọ́n ní ó ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí rẹ́jísìrì. Ní rẹ́jísìrì, wọ́n ní ó ti gòkè. Nínú gbogbo oṣù mọ́kànlá yẹn, lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo kọ. Ẹnu ni mo fi sọ gbogbo ìyókù, mi ò sì lè mú ọ̀rọ̀ ẹnu dé iwájú adájọ́. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ìwé o!

Bàbá Dáre, ọkọ mi, ò fẹ́ ẹjọ́ rárá. Ó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo ní àwọn wo là ń pè lọ́rẹ̀ẹ́ gan-an? Ó dákẹ́. Ó tún ní, "Ta ló ń bá ìjọba ṣẹjọ́, Ìyá Dáre?" Èyí tí mi ò lè dáhùn nìyẹn, torí àwa mẹ́rin ni wọ́n kọ irú lẹ́tà kan náà sí, àwọn mẹ́ta tó kù ti gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ọmọ àbúrò mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan, ọmọdébìnrin tí mo tó bí lẹ́ẹ̀mejì. Mummy ló ń pè mí látọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ka ìwé mi tán, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni déètì tí mo gba lẹ́tà wọn. Mo sọ fún un. Ó fi báírò rẹ̀ kan eyín. Ó ní òfin kan wà tí wọ́n ti ṣe láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, láti 1916, tó dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba: ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí ohun tí wọ́n ṣe lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mẹ́ta péré ló ní. Bí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá, kóòtù ò ní gbọ́ ẹjọ́ náà, bó ti wù kí ẹ̀tọ́ rẹ hàn tó. Oṣù mọ́kànlá ni tèmi. Nígbà náà ló wá yé mi ìdí tí wọ́n fi ń sọ fún mi pé kí n fọkàn balẹ̀. Bóyá wọn ò tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá ẹ dúró àti ẹni tó tì ẹ́ mọ́lé, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú òfin yẹn.

Ó ní ká gbìyànjú rẹ̀ ná, torí àwọn adájọ́ kan ti ń sọ pé òfin náà ò kan ọ̀rọ̀ àdéhùn iṣẹ́. Lọ́dún 2018, a gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní National Industrial Court. Láti 1976 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin Nàìjíríà, ti 2010, ló gbé e ga sí ipò kóòtù ńlá, tí abala 254C sì fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́, owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé òfin tó gbé e dìde ní 2006 gbà á láyè láti má rin kinkin jù mọ́ Òfin Ẹ̀rí tí ìdájọ́ òdodo bá béèrè bẹ́ẹ̀. Fọ́tòkọ́pì ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo ní, ìyẹn sì fún mi lọ́kàn díẹ̀.

Àwíjàre wọn ò le. Wọ́n ní kò sígbà kankan tí ẹ̀ka ilé iṣẹ́ náà béèrè àyè lẹ́fẹ̀lì 12 fún mi, pé kò sí ìwé kankan bẹ́ẹ̀ nínú fáìlì mi. Fáìlì náà fúnra rẹ̀ ti di àwátì. Èmi ní mẹ́mò 2008 tó sọ pé wọ́n ti fọwọ́ sí àyè náà. Ó wà lọ́wọ́ mi torí pé nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń to àwọn tí wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí, wọ́n kọ "òṣìṣẹ́ tọ́rọ̀ kàn". Èmi gan-an ni mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ "òṣìṣẹ́ tọ́rọ̀ kàn" yẹn, mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ara mi, mo sì kó o sínú àpò ike pẹ̀lú ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ mi. Lọ́yà wọn ní ayédèrú ni. Ó ní ẹni tó mọ̀wé tẹ̀ lè tẹ ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, àmọ́ mi ò lè bá a jà, torí òótọ́ ni pé mo mọ̀wé tẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo kó gbogbo ìwé náà jáde lórí bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe pé mo ń wá nǹkan kan. Atẹ̀wé kì í ka ìwé bí àwọn ọ̀gá ṣe ń kà á. Ọ̀gá á lọ tààrà síbi ọ̀rọ̀, àwa a máa wo orí lẹ́tà, déètì, nọ́mbà ìtọ́ka, ibi tí ìlà ìdábùú wà, bóyá àmì ìdánudúró ṣì nù. Lẹ́tà 2017 tí wọ́n fi sọ mí di onígbèsè wà lọ́wọ́ òsì mi. Ìlà kẹta rẹ̀ sọ pé lẹ́tà náà "tọ́ka sí mẹ́mò wa nọ́mbà" báyìí-báyìí. Mo ka nọ́mbà yẹn, mo tún un kà. Mo mú mẹ́mò 2008 sí ọwọ́ ọ̀tún. Nọ́mbà kan náà ni, láti orí dé ìdí, títí kan T kékeré tí ọ̀gá wa ìgbà yẹn ò jẹ́ kí n sọ di T ńlá láéláé. Mẹ́mò tí wọ́n ní kò sí rí, lẹ́tà tiwọn fúnra wọn ló dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó kọ lẹ́tà 2017 ti ní fáìlì náà níwájú rẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́. Mo jí Bàbá Dáre. Ó wo méjèèjì, ó ní, "Wọ́n ti ṣe é!" Ó sì sùn padà.

Ẹlẹ́rìí wọn jẹ́ ọmọkùnrin kan ní ẹ̀ka ìṣàkóso. Mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tó ṣe àgùnbánirọ̀ lọ́dọ̀ wa, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to mẹ́mò. Kò lè wò mí lójú. Lọ́yà mi ní kó ka ìlà kẹta lẹ́tà wọn sí kóòtù létí. Ó kà á. Wọ́n wá na mẹ́mò tèmi sí i pé kó ka nọ́mbà tó wà lórí rẹ̀. Ó ka dé ìlà ìdábùú kejì, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Adájọ́ ní kó gbé ohùn sókè, kó sì rọra kà á, torí ọwọ́ ni adájọ́ fi ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo wa dákẹ́, a ń gbọ́ bí báírò ṣe ń ha bébà. Ojú ọmọ náà ṣe mí láàánú, mi ò ní purọ́. Wọ́n kàn rán an wá ni.

Kòrónà ti kóòtù pa ní 2020, ìparí ọdún náà ni ìdájọ́ tó jáde. Ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta yẹn ti yanjú kó tó dìgbà náà, torí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ ọ́ gbangba ní 2019, nínú ẹjọ́ àjọ ìjọba kan àti òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí àwọn lọ́yà mọ̀ sí NRMAFC àti Johnson, pé òfin 1916 yẹn ò kan ẹjọ́ tó dá lórí àdéhùn iṣẹ́. Èmi ti wà ní kóòtù tipẹ́ nígbà tí ìyẹn dé, òun ló sì kó mi yọ. Lórí ìgbéga náà, adájọ́ sọ pé kódà ká ní àṣìṣe wà níbẹ̀, wọn ò pè mí kí n wá sọ tẹnu mi kí wọ́n tó gba ohun tí wọ́n ti fún mi, abala 36 ìwé òfin ò sì fàyè gba ìyẹn. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, ni àwọn bàbá wa ń pè é. Ó tún mẹ́nu ba ẹjọ́ Shitta-Bey ti 1981, níbi tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ pé ìlànà iṣẹ́ ọba ní agbára òfin, ọ̀gá kan ò kàn lè ṣe òṣìṣẹ́ ọba bó ṣe wù ú. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n tún owó mi ṣírò lórí lẹ́fẹ̀lì 13, kí wọ́n dá gbogbo owó tí wọ́n yọ padà, kí wọ́n san án láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, pẹ̀lú èlé ìdá 10 nínú 100 lọ́dún títí wọ́n á fi san tán.

A jó nínú ọgbà kóòtù. Mo ti ń ṣètò bí mo ṣe máa tún òrùlé ilé ṣe.

Òfin fún ẹni tí ìdájọ́ àṣekágbá ò tẹ́ lọ́rùn ní oṣù mẹ́ta láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ó ku ọjọ́ méjì kí oṣù mẹ́ta pé ni tiwọn dé. Ìwé kejì tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n fi bẹ kóòtù pé kó dáwọ́ ìmúṣẹ ìdájọ́ dúró títí ẹjọ́ náà á fi parí. Lọ́yà mi ṣàlàyé fún mi pé pípe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fúnra rẹ̀ kì í dá ìdájọ́ dúró, òfin sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, ṣé wọ́n á sanwó nìyẹn? Ó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ibí yìí ni mo ti rò jù. Ó pẹ́ kí n tó jáwọ́ nínú èrò pé wọ́n kórìíra mi. Lẹ́yìn náà mo rántí ìgbà tí èmi náà jókòó nínú ọ́fíìsì yẹn, tí mo ń tẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ó sì yé mi. Ọ̀gá tó bá fọwọ́ sí fáọ́ṣà láti sanwó ìdájọ́ fún òṣìṣẹ́ kan, orúkọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Òdítọ̀ lè bi í lọ́la pé kí ló dé tó sanwó, kí ló dé tí kò jà á dópin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ ọ́ sórí fáìlì pé "ẹ jẹ́ ká lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn", kò sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan kan. Lọ́yà ìjọba ni yóò gbé e, owó oṣù ni wọ́n ń san fún un, kò sí kọ́bọ̀ tó ń jáde lápò ẹnikẹ́ni nínú wọn. Fáìlì á kúrò lórí tábìlì. Tó bá fi máa padà dé, ọ̀gá náà ti gba ìgbéga tàbí ó ti fẹ̀yìn tì. Èlé ìdá 10 tó ń gorí owó náà lọ́dọọdún kì í ṣe òun ni yóò san án. Àwọn tó ń san owó orí ni.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ńkọ́? Èmi ń dàgbà, ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ mí lẹ́nu, mo sì ń san owó lọ́yà díẹ̀díẹ̀. Ní April 2021 àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù gùn lé ìyanṣẹ́lódì káàkiri Nàìjíríà, ó sì lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ò tètè kúrò ní kóòtù ìsàlẹ̀. Nígbà tó dé, lọ́yà ìjọba béèrè àkókò sí i láti kọ ìwé àwíjàre. Ní 2022, ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin yẹn kú, bàbá jẹ́jẹ́ kan tó jẹ́ awakọ̀ wa. Lẹ́fẹ̀lì tí wọ́n fà á sí ló kú sí. Ní ìsìnkú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ bi mí bóyá tèmi ti bọ́ sí i. Mo ní a ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni pé wọn kì í tún ẹjọ́ gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹlẹ́rìí. Mo ra aṣọ tuntun nítorí ọjọ́ yẹn! Adájọ́ mẹ́ta jókòó, lọ́yà ìjọba dìde, ó ní òun dúró lórí ìwé àwíjàre òun. Lọ́yà mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi í ní ìbéèrè kan, wọ́n bi tiwọn ní mẹ́ta, ó parí. Ogún ìṣẹ́jú ò pé, lẹ́yìn ohun tó lé ní ọdún méjì.

Ìbéèrè mẹ́ta yẹn ló sọ ẹjọ́ wọn di asán. Abala 243 ìwé òfin sọ pé láti kóòtù òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nìkan lèèyàn lè gbé lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láìtọrọ àyè. Ohun mìíràn gbogbo, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda kóòtù náà. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí láti 2017, nínú ẹjọ́ báńkì kan àti òṣìṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń bá mi ṣẹjọ́ ò tọrọ ìyọ̀ǹda fún márùn-ún nínú ẹ̀sùn mẹ́fà tí wọ́n kọ. Wọ́n kàn kọ "àìfetísí tọ̀tún-tòsì" sórí gbogbo rẹ̀, kó lè jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Adájọ́ àgbà inú wọn yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ lọ́yà ìjọba pé níbo gan-an ni kóòtù ìsàlẹ̀ ti kọ̀ láti gbọ́ tẹnu yín? Ọkùnrin náà ṣí ìwé síwá, ó ṣí i sẹ́yìn. Ó ní ìṣirò owó náà ni kò tọ́. Adájọ́ ní, "Ìṣirò nìyẹn, kì í ṣe àìfetísí."

Nígbà tí ìdájọ́ jáde ní 2023, wọ́n gé márùn-ún yẹn kúrò láìwo ojú wọn. Ẹ̀kẹfà, tí wọ́n gba ìyọ̀ǹda fún, ni ti oṣù mẹ́ta òfin 1916. Ìdájọ́ 2019 ti dáhùn ìyẹn. Wọ́n da ẹjọ́ náà nù, wọ́n sì ní kí ẹ̀ka ilé iṣẹ́ náà san owó ìnáwó ẹjọ́ fún mi.

Níta, lọ́yà ìjọba bọ lọ́yà mi lọ́wọ́, ó ní, "Ó di Abuja nìyẹn." Ó rò pé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ló kàn. Ọmọdébìnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ ka ìlà kẹrin abala 243 yẹn." Ìlà yẹn ló sọ pé lórí ẹjọ́ aráàlú tó bá ti kóòtù òṣìṣẹ́ wá, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni òpin. Kò sí Abuja kankan. Mi ò tíì rí i kí lọ́yà mi rìn gbẹ̀fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó sì tọ́ sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rò pé ibẹ̀ ni owó ti dé, ẹ ṣì ń ṣe bí mo ṣe ṣe ní 2020. Èèyàn lè ní kí kóòtù gba owó tí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ní ní báńkì. Gánísì ni àwọn lọ́yà ń pè é. Ṣùgbọ́n abala 84 nínú òfin tó wà fún àwọn akódà kóòtù sọ pé tí owó náà bá wà ní ìkáwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, agbẹjọ́rò àgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ ni ọ̀gá àwọn lọ́yà tó ń bá mi ṣẹjọ́. Ká sọ pé mò ń bá ẹnì kan jà, kí wọ́n wá ní kí n lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí n tó gba ẹrù mi. A kọ lẹ́tà, wọn ò fèsì. A kọ òmíì, mo sì ní kí wọ́n lu ẹ̀dà tèmi ní òǹtẹ̀ lójú mi. Mo ti gbọ́n. Lẹ́tà kẹrin ni wọ́n tó pè wá fún ìpàdé. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n fi ìdajì èlé sílẹ̀, kí wọ́n san ìyókù lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́yà mi ò fẹ́. Ó ní ẹ̀tọ́ mi ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀tọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n mo rántí awakọ̀ wa yẹn, mo fọwọ́ sí i. Ẹ lè ní mo ṣojo. Ọdún 67 ni mo wà lọ́jọ́ tí álẹ́ẹ̀tì ìkẹta wọlé, nínú ọdún 2024, a sì tún òrùlé náà ṣe kí òjò tó dé.

Àwọn méjì tó kù nínú àwa mẹ́rin ti wá gba fọ́tòkọ́pì ìdájọ́ náà lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan wọn ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù akápò yẹn ní 2017, láìfa ìlà kankan. Lọ́yà ń wò ó bóyá ọ̀nà wà.

Nígbà tí wọ́n pe àwa afẹ̀yìntì fún àyẹ̀wò bóyá a ṣì wà láàyè, mo tò sórí ìlà pẹ̀lú àpò ike mi. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà béèrè orúkọ, ó béèrè ọjọ́ ìbí, ó ní, "Lẹ́fẹ̀lì wo lẹ fi fẹ̀yìn tì, mà?" Mo ní 13. Ó wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní 10 ni òun rí níbí. Mo ṣí àpò náà.